Ìbọn oní-mágásíìnì àbí ẹlẹ́yọ kan? Ọ̀rọ̀ tó gbé mi dé Ọdẹdá

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ti ṣí ojúewé yìí pẹ̀lú ìrètí pé mo máa tú àṣírí olóṣèlú kan, tàbí ti òṣèré tó lé ìyàwó ẹ̀ jáde. Ẹ ṣe sùúrù, àwọn yẹn ò ní í sá lọ. Ọ̀rọ̀ ìbọn ni mo gbé wá lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ má jáyà, kì í ṣe ìbọn adigunjalè. Ìbọn afẹ́fẹ́ ni mò ń wí, èyí tí kò ní ẹ̀tù nínú rárá, tó jẹ́ pé atẹ́gùn ló ń ti ọta ẹ̀ jáde, tí àwọn èèyàn fi ń pa ọ̀kẹ́rẹ́ àti ẹyẹ lóko.

Ọkùnrin kan ló pè mí lórí fóònù. Ó ní òun ń dáko lẹ́yìn Ọdẹdá, níbi téèyàn ti máa ń yà kúrò lójú títì tó lọ láti Abẹ́òkúta sí Ìbàdàn, tí á wá máa gba àárín àpáta wọlé lọ. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, mo ń ka ojúewé yín dáadáa o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ kan, èmi àti bàbá mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jà lórí ẹ̀.” Èmi tó ń pè ní ẹ̀gbọ́n yìí, mo gbọ́ ọ lóhùn pé ó máa fi bí ọdún mẹ́wàá jù mí lọ. Ṣùgbọ́n ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe fún oníròyìn, ọjọ́ tí wọ́n bá nílò wa la máa ń dàgbà.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Àgbàdo ló gbìn, ó sì tún ní ọ̀pẹ mélòó kan. Ẹ̀gà kò jẹ́ kí àgbàdo gbó, ọ̀kẹ́rẹ́ kò jẹ́ kí ẹyìn pọ́n. Ó so àkísà mọ́ igi títí, ó fi agolo dárà títí, àwọn ẹyẹ náà ti mọ̀ pé agolo kì í pa ẹnikẹ́ni. Ló bá ní òun máa ra ìbọn afẹ́fẹ́. Ẹnì kan l'Ékòó ní méjì tó fẹ́ tà. Ọ̀kan jẹ́ èyí tí wọ́n ń ṣẹ́ láàárín, tí wọ́n ń ki ọta kan sí lẹ́ẹ̀kan. Èkejì ní mágásíìnì tó ń gba ọta mẹ́wàá, owó ẹ̀ sì fi ìlọ́po mẹ́ta ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ọkàn ọkùnrin yìí ti wà lára èyí tó ní mágásíìnì. Bàbá ẹ̀, tó jẹ́ ọdẹ látìgbà tó ti wà lọ́dọ̀ọ́, ní tó bá gbé irú ìbọn bẹ́ẹ̀ wọ agboolé òun, kó tètè wá ilé mìíràn. Lọ́rọ̀ kan ṣá, wọ́n ní kí n wá dájọ́.

Mi ò bá má lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí ní ibi tó ti bá mi, mo máa sọ ọ́ fún yín tó bá yá. Bí mo ṣe wọkọ̀ ní Abẹ́òkúta nìyẹn, a kọjá Ọ̀báńtokò, a kọjá Òṣíẹ̀lẹ̀, àwọn tírélà tó ń kó òkúta ń ki wá lójú, títí mo fi bọ́ọ́lẹ̀ l'Ọdẹdá, ọ̀kadà ló gbé mi dé abúlé.

Fún ẹ̀yin tẹ́ ò mọ nǹkan kan nípa ìbọn afẹ́fẹ́, ẹ jẹ́ n là á yé yín kí n tó sọ ẹjọ́ tí mo bá níbẹ̀. Oríṣi méjì ló wọ́pọ̀ jù. Ọ̀kan ní sípíríǹgì tó le nínú. Ẹ máa di ọ̀pá ẹ̀ mú, ẹ máa ṣẹ́ ẹ wálẹ̀ bí ẹni ń ṣẹ́ ìrèké, sípíríǹgì náà máa sún kì, ihò ẹ̀yìn ọ̀pá máa là sílẹ̀. Ihò yẹn lẹ máa fi ọta kan sí, ẹ máa dá ọ̀pá padà, ó ku kẹ́ ẹ fa tírígà. Tẹ́ ẹ bá tún fẹ́ yìn ín, ẹ tún un ṣẹ́ látìbẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ apá gidi ni.

Oríṣi kejì ní àgbá kékeré kan lábẹ́ ọ̀pá, tí wọ́n ti rọ atẹ́gùn kún un. Atẹ́gùn ibẹ̀ yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Táyà mọ́tò tí fọ́káníísà ń fún wa lójú títì, nǹkan bíi bar méjì ló wà níbẹ̀. Tinú ìbọn yìí lè tó bar 200, ìyẹn ìlọ́po ọgọ́rùn-ún ti táyà. Ẹni tó bá gbé e tọ fọ́káníísà lọ, ẹ̀rín ni wọ́n máa fi í rín. Ó ní pọ́ǹpù tiẹ̀, tàbí sìlíńdà bíi ti àwọn tó ń wẹ̀ lábẹ́ òkun. Oríṣi kejì yìí ni mágásíìnì wọ́pọ̀ lára ẹ̀ jù, torí pé kò sí ohun tí wọ́n ń ṣẹ́ láàárín, ọwọ́ kékeré kan báyìí ni wọ́n ń fà sẹ́yìn tí wọ́n ń tì síwájú. Àmọ́ àwọn tó ń ṣe oní-sípíríǹgì náà ti ń fi mágásíìnì sí tiwọn láti bí ọdún mélòó kan. Ti irú ìyẹn, ọwọ́ lẹ máa sinmi, apá kò sinmi o, torí ẹ ṣì máa ṣẹ́ ẹ kọ̀ọ̀kan.

Tí mo bá sì ní mágásíìnì, kì í ṣe ìwé aláwọ̀ mèremère tí wọ́n ń tà ní gáréèjì. Ohun roboto pẹlẹbẹ kan ni, ó rí bí ìdérí ike, ihò mẹ́jọ, mẹ́wàá tàbí mẹ́rìnlá ló máa ń wà lára ẹ̀. Ẹ máa to ọta sínú ihò kọ̀ọ̀kan nílé, ẹ máa ki odindi ẹ̀ bọ ìbọn. Nígbà tẹ́ ẹ bá fa ọwọ́ ìbọn sẹ́yìn, ó máa yí, ọta kan máa dúró gán-ń-gán níwájú. Tẹ́ ẹ bá tì í padà, irin kékeré kan máa ti ọta yẹn wọ inú ọ̀pá.

Ọta ọ̀hún fúnra ẹ̀, òjé ni. Ó rí bí ìlù gángan: orí ẹ̀ kún, ìbàdí ẹ̀ tín-ín-rín, ìdí ẹ̀ tún là. Èyí tó wọ́pọ̀ jù, òbírí ẹ̀ jẹ́ mílímítà 4.5 tàbí 5.5, èyí tó kéré nínú wọn kò sì wúwo ju nǹkan bí ìdajì gíráàmù lọ. Ìdí tó là yẹn ni gbogbo agbára ẹ̀ wà. Ó fẹ́lẹ́ bíi páálí sìgá, òun ni atẹ́gùn ń fẹ̀ tó fi ń di ọ̀pá ìbọn pa. Tí ìdí yẹn bá tẹ̀ pẹ́nrẹ́n, atẹ́gùn máa jò, ọta kò ní í lọ síbi tẹ́ ẹ rán an. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Ó ti yé yín báyìí, ẹ jẹ́ ká padà s'Ọdẹdá. Mo bá bàbá ọdẹ lábẹ́ igi ọsàn, wọ́n ti mọ̀ pé mò ń bọ̀, wọ́n sì ti gbé ṣakabùlà wọn sórí ẹsẹ̀. Mi ò tíì jókòó dáadáa tí wọ́n fi ní, “Ọmọ mi, ìwọ tóo mọ̀wé, wá wo bí wọ́n ṣe ń ki ìbọn.” Wọ́n kò fi ẹ̀tù gidi ṣe é o, wọ́n kàn ń fọwọ́ júwe ẹ̀ fún mi ni. Wọ́n ní wọ́n á kọ́kọ́ da ẹ̀tù sẹ́nu ọ̀pá, ìwọ̀n tí ọwọ́ mọ̀. Wọ́n á fi òwú tàbí èépo ọ̀pẹ dí i, wọ́n á fi ọ̀pá irin gún un wọlé jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Wọ́n á da ọta sí i, wọ́n á tún dí i, wọ́n á tún gún un. Nígbà tí wọ́n á fi sọ pé ó ku ohun tó máa fún un níná nídìí, mo ti yán lẹ́ẹ̀mejì. Bàbá rẹ́rìn-ín. “Ó ti sú ọ? Ohun tó ń jẹ́ kọ́dẹ mọ ohun tó wà lẹ́nu ìbọn ẹ̀ nìyẹn.”

Mo ní, “Bàbá, ṣùgbọ́n ìjáfára ti kó bá wa rí lórí ọ̀rọ̀ ìbọn yìí.” Ẹ jẹ́ n sọ ohun tí mo sọ fún wọn, torí mo ti ka díẹ̀ kí n tó kúrò nílé.

Ìbọn tí wọ́n ń kì lẹ́nu ni wọ́n fi ń jà láyé ọjọ́sí. Orúkọ tí àwọn òyìnbó ń pè é, ọ̀dọ̀ àwọn ará Denmark tó ń ṣòwò ní Gold Coast nígbà kan ló ti wá, àwọn tó ní Christiansborg ní Accra kí wọ́n tó tà á fún àwọn Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1850. Nígbà tí Dàhòmì gbógun wá sí Abẹ́òkúta lóṣù Kẹta, ọdún 1851, àtàwọn ọmọ ogun wọn obìnrin tí okìkí wọn kàn, ẹyọ kọ̀ọ̀kan báyìí ni tọ̀tún-tòsì ń ki ìbọn wọn, odi ìlú wa ló sì gbà wá lé e. Wọ́n tún padà wá lọ́dún 1864, a tún lé wọn. Títí di ìgbà yẹn, ẹni tó bá yìnbọn tán, àfi kó wá ibi sá pamọ́ sí kó tún un kì.

Ìgbà ogun Kírìjí ni nǹkan yí padà. Nígbà tí wọ́n ń jà á, àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó wà l'Ékòó rán ìbọn tí wọ́n ń kì lẹ́yìn sí Èkìtìparapọ̀, nígbà tó jẹ́ pé ìbọn tí wọ́n ń kì lẹ́nu ló pọ̀ lọ́wọ́ àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn. Ọta kan náà ni ti Èkìtìparapọ̀ ń gbà lẹ́ẹ̀kan o, ṣùgbọ́n kí ará Ìbàdàn tó gún ẹ̀tù tán, onítọ̀hún ti yìn ín bí ìgbà mélòó kan. Ìró ìbọn ogun yẹn ni wọ́n ní ó ń dún kírìjí, kírìjí, tó fi di orúkọ ẹ̀. Ogun náà kò ní alábẹ̀ẹ́borí, àdéhùn ọdún 1886 ni wọ́n fi là á. Lóṣù Karùn-ún, ọdún 1892, àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbé ìbọn arọ̀jò-ọta wá bá àwọn ará Ìjẹ̀bú ní Ìmàgbọn. Ẹ mọ bó ṣe parí.

Bàbá gbọ́ gbogbo ẹ̀ tán, wọ́n mi orí. Wọ́n ní, “O sọ̀rọ̀. Gbogbo àwọn tóo dárúkọ yẹn, èèyàn ni wọ́n ń bá jà. Ẹni tó bá ń bá èèyàn jà, ó yẹ kó yára, torí èèyàn máa dá a padà. Ṣé ẹ̀gà máa yìnbọn padà fún ọmọ mi ni?”

Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ọmọ wọn kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Bàbá, ayé ti lọ síwájú, mágásíìnì yìí lòde ń lò báyìí.” Èyí ni mo ta kò, torí kì í ṣòótọ́. Ìbọn afẹ́fẹ́ oní-mágásíìnì ti wà kí wọ́n tó tẹ Abẹ́òkúta dó lọ́dún 1830. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Girardoni ló ṣe é fún ilẹ̀ Austria, ní nǹkan bí ọdún 1780. Nǹkan bí ogún ọta ló ń wà nínú irin gbọọrọ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá ẹ̀. Ọmọ ogun á kàn gbé ẹnu ìbọn sókè kí ọta kan yí wá sídìí, á tì í wọlé, á sì yìn ín. Àwọn ọmọ ogun Austria gbé e fún ọdún mélòó kan, kódà Lewis àti Clark tí ìjọba Amẹ́ríkà rán rìnrìn-àjò láàárín 1803 sí 1806 gbé ọ̀kan dání, wọ́n fi ń dẹ́rù ba àwọn ọba tí wọ́n bá pàdé lọ́nà. Kí ló wá dé tí kò gbilẹ̀? Wàhálà ẹ̀ ló pọ̀. Inú ìdí ìbọn ni àgbá atẹ́gùn ẹ̀ wà, wọ́n máa ń fi pọ́ǹpù fún un tó nǹkan bí 1,500 ìgbà kó tó kún. Ó ń fẹ́ ìtọ́jú, ó sì ń fẹ́ ẹni tí wọ́n kọ́ dáadáa. Nígbà tó fi máa di nǹkan bí ọdún 1815, wọ́n ti gbé e tì.

Kí ẹ sì tún wo òdìkejì. Àwọn tó mọ ìbọn afẹ́fẹ́ yìn jù láyé, àwọn tó ń fi í díje ní Òlíḿpíìkì, ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń kì í títí dòní. Ọdún 1984 ni ìdíje yẹn wọ Òlíḿpíìkì ní Los Angeles. Mítà mẹ́wàá ni wọ́n ń dúró sí, ọgọ́ta ọta ni wọ́n ń yìn, ibi tí wọ́n ń wá láàárín páálí kò ju idà kékeré kan tí orí bíírò tẹ̀ lọ, ìdajì mílímítà péré. Òfin ìdíje yẹn kò gba mágásíìnì. Ọwọ́ wọn ni wọ́n fi ń mú ọta kọ̀ọ̀kan, wọ́n á fojú wo ìdí ẹ̀ bóyá ó tẹ̀, wọ́n á wá tì í wọlé.

Ìwọ̀nyí ò túmọ̀ sí pé mágásíìnì kò dáa o. Mo fẹ́ ṣòótọ́ fún yín, torí ọmọ bàbá náà béèrè ìbéèrè kan tó pa gbogbo wa lẹ́nu mọ́. Ó ní, “Ẹ̀yin méjèèjì, tí mo bá yìn ín lu ọ̀kẹ́rẹ́, tó ṣe é léṣe tí kò kú, tó wá ń yí lábẹ́ ọ̀pẹ, ṣé kí n wá máa wá ọta nínú àpò ni?” Bàbá dákẹ́. Wọ́n ní ìyẹn dùn wọ́n. Wọ́n ní ọdẹ tí kì í bá parí ohun tó bẹ̀rẹ̀, ìkà ni. Ibẹ̀ yẹn gan-an ni mágásíìnì ti wúlò: ọta kejì wà nílẹ̀ kí ẹran tó jìyà púpọ̀. Ó tún wúlò ní ìrọ̀lẹ́ tójú ò ríran mọ́, àti fún ẹni tí ọwọ́ ẹ̀ ti ń gbọ̀n, torí ọta tó kéré tó báyẹn, ẹ gbìyànjú kẹ́ ẹ mú un pẹ̀lú ọwọ́ tó ń làágùn. Mo gbìyànjú ẹ̀ rí, mẹ́ta ló bọ́ sínú koríko, mi ò rí wọn títí dòní.

Ṣùgbọ́n ti ẹ̀gà tó sọ pé òun ń tìtorí ẹ̀ ra á ńkọ́? Ẹ̀gà kì í dá wá, ọ̀wọ́ ni wọ́n ń wá. Yálà ọta mẹ́wàá ló wà nínú ìbọn ni o, yálà ẹyọ kan ni, bí èyí àkọ́kọ́ bá ti dún, gbogbo ọ̀wọ́ ti gbéra. Mẹ́sàn-án yòókù, ojú ọ̀run lèèyàn máa yìn wọ́n sí. Bàbá ní ẹni tó lé eku méjì á pòfo, mélòómélòó wá ni ẹni tó fẹ́ fi ìbọn lé igba ẹ̀gà.

Ọ̀rọ̀ wa ì bá parí síbẹ̀ ká ní èmi kì í ṣe ẹni tójú ẹ̀ ti rí nǹkan. Mo ní mo máa sọ ọ́, ẹ jẹ́ n sọ ọ́ báyìí.

Ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, mo lọ sóko ọ̀rẹ́ mi kan lágbègbè yìí kan náà. Ó ní ìbọn afẹ́fẹ́ oní-mágásíìnì. A yìn ín lu agolo mílíìkì títí tó fi sú wa. Ọ̀rẹ́ mi yọ mágásíìnì, ó kì í bọ àpò, ó ní, “Ó ti ṣófo,” ó gbé ìbọn fún mi kí n gbé e wọlé. Èmi náà rí i pé mágásíìnì kò sí lára ẹ̀, ọkàn mi balẹ̀. Àbúrò mi ọkùnrin jókòó lórí àpótí, ó ń bó ìṣù. Kí n má parọ́ fún yín, mo kàn fẹ́ dẹ́rù bà á ni. Mo na ìbọn sápá ọ̀dọ̀ ẹ̀, mo fa tírígà.

Ọta wà nínú ẹ̀.

Kẹ́ẹ̀gì epo tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí ẹ̀ ló gbà á. Mo ń wo epo pupa tó ń da jáde látinú ihò kékeré yẹn, mo ń wo orí àbúrò mi, mi ò mọ ìgbà tí mo jókòó sílẹ̀. Òun fúnra ẹ̀ kò kọ́kọ́ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó rò pé kẹ́ẹ̀gì ló bẹ́. Ọmọ náà kò bá mi sọ̀rọ̀ fún oṣù méjì, ẹ̀tọ́ ẹ̀ ni. Àlàfo tó wà láàárín kẹ́ẹ̀gì àti ojú ẹ̀, ìbú àtẹ́lẹwọ́ mi ni. Mo ti wọ̀n ọ́n. Mi ò lè sọ iye ìgbà tí mo ti wọ̀n ọ́n.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ọ̀rẹ́ mi ti fa ọwọ́ ìbọn sẹ́yìn, ó ti tì í síwájú, kó tó ní ó ti sú òun. Ọta tí irin kékeré yẹn tì ti kúrò nínú mágásíìnì, ó ti wà nínú ọ̀pá. Tẹ́ ẹ bá yọ mágásíìnì nígbà yẹn, òfìfo lẹ máa rí, bẹ́ẹ̀ ọta ń bẹ nínú ilé. Èmi wá lọ na ìbọn sí èèyàn, ohun tí kò yẹ kéèyàn ṣe láé, ìbáà jẹ́ igi ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ. Ẹjọ́ tèmi nìyẹn, mi ò lè dá a lé mágásíìnì lórí. Ṣùgbọ́n ká ní ìbọn tí wọ́n ń ṣẹ́ láàárín ni, mo máa ṣẹ́ ẹ, mo máa fojú mi méjèèjì rí inú ihò ẹ̀ bóyá nǹkan wà níbẹ̀ tàbí kò sí.

Àlébù kan tún wà tó jọ ọ́. Tèèyàn bá fa ọwọ́ ìbọn tó ní mágásíìnì lẹ́ẹ̀mejì láìyìn ín, tóun fúnra ẹ̀ ti gbàgbé, ọta méjì lè wọ inú ọ̀pá tẹ̀lé ara wọn. Nígbà mìíràn wọ́n máa há síbẹ̀, nígbà mìíràn wọ́n máa jáde láìlágbára, kò sẹ́ni tó mọ ibi tí wọ́n máa já sí. Tí mágásíìnì kò bá sì jókòó dáadáa, irin yẹn á máa fá ìdí ọta, ìdí tó fẹ́lẹ́ tí mo ní kẹ́ ẹ fi sọ́kàn, ẹni tó ń yìn ín á máa rò pé ojú òun ni kò dáa.

Nígbà tí mo sọ ìtàn kẹ́ẹ̀gì yẹn tán lábẹ́ igi ọsàn, kò sẹ́ni tó fèsì. Bàbá gbé ṣakabùlà wọn kúrò lórí ẹsẹ̀, wọ́n fẹ̀yìn ẹ̀ ti igi. Mo wá bi ọkùnrin náà ní ohun tí n kò rò láti bi í lórí fóònù. Mo ní, “Ta ló máa máa gbé ìbọn yìí lọ sóko gan-an?” Ó ní ọmọ òun àkọ́bí ni, òun alára máa ń lọ sọ́jà. Mo ní ọmọ ọdún mélòó? Ó ní mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Ibẹ̀ ni mo ti fa ìwé yọ. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ àbúrò mi ni mo lọ wá òfin yìí kà, ojú sì tì mí pé mi ò kà á ṣáájú. Òfin ìbọn ilẹ̀ wa, ti ọdún 1959 ni, ó ṣì wà nínú àkójọ òfin ọdún 2004. Ó pín ìbọn sọ́nà mẹ́ta. Àwọn tó kà léèwọ̀ wà lápá kan. Ṣakabùlà àtàwọn èyí tí wọ́n ń kì lẹ́nu wà lápá kẹta. Ní àárín, lápá kejì, níbi tí ìbọn ọdẹ ti òyìnbó wà, ibẹ̀ ni wọ́n kọ ìbọn afẹ́fẹ́ sí. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé nǹkan ìṣeré ni, pé kò sí ohun tí ọlọ́pàá lè bá a wí. Irọ́ ni. Ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá Nàìjíríà ni òfin ní kó fọwọ́ sí ìwé àṣẹ ẹni tó bá fẹ́ ní ìbọn apá kejì yẹn. Ẹni tó ń tà á náà gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tó forúkọ sílẹ̀ pé òun ń ta ìbọn. Òfin kan náà ní wọn kò gbọdọ̀ fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 17 níwèé àṣẹ, tàbí ẹni tórí ẹ̀ kò pé, tàbí ẹni tójú ẹ̀ kò ríran tó, tàbí ọ̀mùtí, tàbí ẹni tí wọ́n ti dá lẹ́bi ìwà ipá láàárín ọdún márùn-ún sẹ́yìn.

Ẹ wá wo ohun kan tó yà mí lẹ́nu nínú òfin yẹn. Ní ti ìbọn ọdẹ oní-ẹ̀tù, wọ́n wo bí wọ́n ṣe ń kì í: èyí tó bá ń ki ara ẹ̀, tàbí tó ní ẹ̀rọ tó ń ti ọta tuntun wọlé, wọ́n yọ ọ́ kúrò lápá kejì, ó bọ́ sáàárín àwọn tó kà léèwọ̀. Ní ti ìbọn afẹ́fẹ́, wọn kò pín in. Ẹlẹ́yọ kan ni o, oní-mágásíìnì ni o, ọ̀kan náà ni lójú òfin. Bàbá ní àwọn tó ṣòfin yẹn, ó jọ pé wọ́n lọ́dẹ nínú.

Ọmọ wọn mú ìwé náà lọ́wọ́ mi, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹni tó fẹ́ tà á fún mi l'Ékòó, kò dárúkọ ìwé kankan fún mi o.” Mo ní mo mọ̀.

Wọ́n ní kí n dájọ́, mo sì dá a, mo sọ tẹnu mi báyìí. Ti ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kò sí ẹjọ́ mágásíìnì níbẹ̀ rárá, kò gbọdọ̀ gbé èyíkéyìí nínú méjèèjì. Ti bàbá ọmọ náà, kó gba ìwé àṣẹ ná, kó wá ra èyí tí wọ́n ń ṣẹ́ láàárín. Tó bá lò ó títí tí ọwọ́ ẹ̀ fi mọ́ ọn, tó wá rí i pé òun ń fi ọ̀kẹ́rẹ́ sílẹ̀ nínú ìrora, kó wá gba ti mágásíìnì rò. Bàbá kò fẹ́ gba apá tó kẹ́yìn yẹn. Wọ́n ní ẹni tí kò bá lè fi ọta kan pa ọ̀kẹ́rẹ́, kó lọ máa jẹ ẹ̀gúsí. Mi ò bá wọn jiyàn, wọ́n ti ní kí wọ́n lọ bá mi gbé iṣu wá.

Ọjọ́ Àìkú tó kọjá ni ọkùnrin náà tún pè mí. Ó ní òun ti dé tèṣán láti béèrè bí wọ́n ṣe ń gba ìwé, wọ́n bi òun léèrè ọ̀rọ̀ títí tí òun fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé orúkọ ara òun. Mo béèrè ẹ̀gà. Ó ní wọn kò dúró de ọlọ́pàá o, wọ́n ti jẹ ebè mẹ́fà tó wà lápá odò tán. Ọmọ ẹ̀ ń lu agolo lọ́wọ́ bá a ṣe ń sọ̀rọ̀, mo ń gbọ́ ọ lẹ́yìn ẹ̀. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.